Ìgò Aláwọ̀ Ewé ní Ẹ̀bá Títì Inísà

Èmi ò lè jókòó. Bí ìwàásù bá gùn, ẹsẹ̀ mi á ti máa gbọ̀n lábẹ́ àga, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á sì máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí àpótí ọrẹ gbé. Ní Ìkìrun tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Kí wọ́n máa wí. Eré sísá nìkan ló ń mú ara mi balẹ̀, ìyẹn náà kì í sì í pẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ agbègbè wa máa ń ṣe eré ìje lọ́dọọdún, láti Ìkìrun, gba Inísà kọjá, dé Òkukù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá wọn sá a, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni iṣan ẹsẹ̀ fà mí ní Inísà. Inísà tí màmá mi ń gbé, ẹ̀yin èèyàn! Iwájú ilé wọn gan-an ni mo ti ń jókòó sílẹ̀ bí ẹrù tó já bọ́ lórí ọkọ̀. Ó dùn mí wọra. Mi ò wá ipò kìíní o. Mo kàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi dé Òkukù lẹ́ẹ̀kan péré.

Ni mo bá ra ìwé kan ní Òṣogbo, èyí tó ń kọ́ àwọn eléré ìje bí wọ́n ṣe ń lọ èso àti ewé pọ̀ mu. Simúùdì ni wọ́n ń pè é. Àwòrán inú rẹ̀ dára, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ọjà Ìkìrun rárá. Èso tí mi ò rí rí, ewé tí mi ò lè pè lórúkọ! Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n jù ú nù. Nígbà tó yá, mo fi omi ọ̀fíọ̀ dípò wàrà wọn, mo fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dípò ewé wọn, mo wá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ òyìnbó àti oyin lé e lórí. Àwọ̀ ewé ló mú jáde. Kò dùn ún mu, àmọ́ iṣan mi ò fà mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ màmá mi. Màá lọ̀ ọ́ sínú ìgò, màá gbé e sí fíríìjì wọn, tí mo bá sáré dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màá dúró níbi ìdáná, màá fajú ro, màá dà á sọ́nà ọ̀fun. Wọ́n á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á máa wò mí. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń mu, mo ní ohun tó ń fún ara lókun ni. Wọ́n bi mí bóyá mo ti dé ọsibítù. Mo ní kí n lọ ṣe kí ni níbẹ̀? Wọ́n ní ó dáa. Mi ò fọkàn sí i, Òkukù ni ojú mi wà.

Lọ́jọ́ ìje, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ìgò náà dúró dè mí lẹ́bàá títì. Ara mi yá gágá títí mo fi dé Inísà. Mo já a gbà lọ́wọ́ wọn, mo gbé e mu láìdúró. Ó korò. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ti bàjẹ́ ni. Mi ò tíì kúrò láàárín ilé tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ni mo bá yà sínú igbó. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí màá fi jáde, màmá mi ti tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀, sálúbàtà wọn wà lọ́wọ́.

Mo jágbe mọ́ wọn pé kí ni wọ́n fi sí i. Wọn ò tilẹ̀ fi pa mọ́. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ní gbogbo oyin àti ọ̀pẹ òyìnbó tí mò ń lọ̀ mu yẹn, ta ni kò mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló máa dá sílẹ̀, àti pé ohun aláwọ̀ ewé mi tí àwọn rò pé àgbo ni ò sì lágbára tó. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní wọ́n ti ba ọdún mi jẹ́. Ni wọ́n bá di ọwọ́ mi mú.

“Bàbá ẹ náà máa ń dá nìkan mu àgbo níbi ìdáná yẹn,” wọ́n ní. “Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Ọdún yẹn náà la sin ín. Àìsàn wo ló ń ṣe ọ́ tí o ò fẹ́ sọ fún mi?”

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Mo ṣàlàyé, mo búra pé ara mi le. Wọ́n ní bàbá mi náà búra.

“Tí ara ẹ bá le lóòótọ́, sá a dé Òkukù kí n fi ojú mi rí i.”

Wọ́n dá ọkọ̀ tó ń lọ sí Òkukù dúró, wọ́n wọlé.

Mo sá a. Mo tún yà sígbó, mo rìn, mo sáré, mo ṣépè fún ọ̀pẹ òyìnbó. Àwọn tó ṣètò ìje náà ti ń kó àga wọn sínú ọkọ̀ nígbà tí mo dé. Màmá mi nìkan ló ṣì dúró sójú títì. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi bí ẹni tó ń wá ibà, wọ́n sì na ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sí mi. Wọ́n ti já etí rẹ̀.

“Omi lásán ni,” wọ́n ní. “Mo ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo mu ún, mi ò sì tètè dìde.