Ayùn Tó Tẹ̀ àti Orúnkún Mi

Ẹ̀gúsí ni mo ń bó lẹ́yìnkùlé wa nígbà tí mo gbọ́ tí ayùn dákẹ́ lójijì. Láti àárọ̀ ló ti ń ké, fọ̀ọ́-fìì, fọ̀ọ́-fìì, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà kápẹ́ńtà tó múlé tì wá ní Ìkẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ dé: "Ọmọdébìnrin, wá bá mi wò ó o!"

Mo gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ, mo sáré lọ. Òórùn ìrókò gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ayùn ti há sínú kókó igi, ó sì tẹ̀ láàárín. Ayùn àtijọ́ ni, àtàǹpàkò Bàbá ti jẹ ihò sí èèkù rẹ̀.

Ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ni Bàbá ń ṣe, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí pákó, ṣùgbọ́n kì í rí ohun tín-ín-rín mọ́. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ nìkan la mọ̀.

"Bí ìjọ bá gbọ́," ó máa ń wí, "kápẹ́ńtà Ìlawẹ̀ ni wọn ó gbé iṣẹ́ náà fún. Èmi ó wá máa kan àpótí ìjókòó."

Bí a ti máa ń ṣe é nìyí: yóò tẹ́ ayùn sórí ìtí igi, yóò fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ níbi tó wú, kò, kò, kò. Yóò gbé e sókè. Èmi yóò lóṣòó níwájú ṣóńṣó rẹ̀, n ó di ojú kan, n ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dé èèkù. Bó bá ti tọ́, n ó dìde, ìyẹn ni Bàbá yóò fi mọ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni alàgbà ìjọ wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí i níbi tí mo lóṣòó sí.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá. Kí ló ṣe ayùn?"

"Ó bá kókó jà ni. Mo ń bẹ̀ ẹ́."

Bàbá gbé èèkù sẹ́bàá ojú, ó di ojú kan bí ọ̀gá. Ṣóńṣó wà níwájú imú mi. Ó ṣì wọ́. N kò dìde. Ó tún lù ú, ó tún gbé e.

"Dìde, ọmọ mi, ó tó," ni alàgbà wí.

Ta ni ọmọ tí àgbà ní kó dìde tí kò dìde? Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, Bàbá yóò fi ayùn wíwọ́ gé igi ṣọ́ọ̀ṣì níṣojú ẹni tó gbéṣẹ́ fún un.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo wí. Orúnkún mi kò kúrò nílẹ̀. Èérún igi ń gún mi.

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Àwọn tèmi nílé, bí ewúrẹ́ ni wọ́n ń kúnlẹ̀: kí n tó wò, wọ́n ti fò lọ."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ayùn padà, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn aláìsàn. Ó gbé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ bí òwú tí a nà.

Mo dìde.

Ó fi ìka wá ojú ìlà tó ti fi ọ̀bẹ fà sára pákó, ó gbé ayùn lé e, ó sì gé e gbọọrọ. Alàgbà mi orí, ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá ti kú tipẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì ń pa dé láìhá. Títí dòní, bí ẹni tí mo fẹ́ràn bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn mí, tó ti rẹ̀ ẹ́, tó ń retí kí n ní ó dára, mo máa ń tún un wò kí n tó sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí alàgbà lọ tán, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá èérún igi tó lẹ̀ mọ́ mi lórúnkún, ó ń gbọ̀n ọ́n dànù.

"Ó tó, ojú mi," ó ní. "Máa lọ bó ẹ̀gúsí rẹ."