Takisí Tó Gbé Peg Hoyle Lọ

Bí ẹ bá pe Thelma Ormerod lórúkọ rẹ̀ gan-an láàárín ọjà Salford, kò sẹ́ni tó máa wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ pe Peg, kí ẹ wá wo bí ọrùn ṣe máa yí. Peg Hoyle ni opó ẹlẹ́nu mímú tó ń ta ẹja díndín àti ọ̀dùnkún ní Òpópónà Cinder, nínú eré tẹlifíṣàn tí gbogbo ilé máa ń jókòó tì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Thelma ló ń ṣe é. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti pupa fúnra rẹ̀, títí di ìgbà tó jẹ́ pé inú ìgò ni pupa náà ti ń wá.

Ilé iṣẹ́ òwú ní Oldham ni ìyá rẹ̀ lo ayé rẹ̀ sí, ariwo ẹ̀rọ sì di í létí pátápátá. Bóyá torí pé ìyá kò gbọ́ràn ni ọmọ ṣe mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kó dé ìdí ògiri. Ó bá àwọn òṣèré kiri àwọn ìlú etíkun, wọ́n ń ṣeré fún àwọn arúgbó tó ń sùn lórí ìjókòó, kí wọ́n tó pè é sí Òpópónà Cinder pé kó wá ṣe oníbàárà kan. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fún un: "Ẹ da ọtí kíkan sí i dáadáa, àbí ẹ̀jẹ̀ yín ni?" Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún pè é lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ìyàwó ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pa ọkọ náà, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé eré máa ń jẹ èèyàn. Clifford ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó ní, "Peg ló ń bá mi jà, Peg ló ń bá mi sùn. Èmi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ mọ́." Lorraine, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọwọ́ ìyá àgbà ló dàgbà sí. Lọ́jọ́ tí Lorraine ń rọbí ọmọ àkọ́kọ́, níwájú kámẹ́rà ni Thelma wà, ó ń gbẹ̀bí fún Lil Tasker lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹja. Ọmọ rọ́bà ni ọmọ tó gbà lọ́wọ́ ọ̀hún. Ó sunkún ayọ̀ sórí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn òṣèré tó dáa jù lọ́dún yẹn. Lorraine ti wà ní Kánádà báyìí, ọdún Kérésì ló máa ń rántí pé òun ní ìyá. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi?

Ẹni tó ń ṣe Lil Tasker yẹn, Avril Stott lorúkọ rẹ̀, òun ló kù tí Thelma lè pè ní èèyàn rẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n ti ń múra, inú páálí bisikíìtì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Avril á gbé kéèkì wá, wọn á mu tíì, wọn á sì fi ẹnu ya ọ̀gá wọn pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Ọ̀gá tuntun wá dé, ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Gareth Pym. Ó ránṣẹ́ pe Thelma, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ po tíì fún un.

"Ẹ jókòó, Thelma."

"Ọ̀gá tó bá ní kí n jókòó, ibi tí mo dúró sí ló fẹ́ gbà. Sọ ọ́, ọmọ mi, kí tíì tó tutù."

Ó sọ ọ́. Ìtàn Peg ti tán. Thelma kò bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun sílẹ̀ nínú eré, ó mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ohun kan ló bẹ̀bẹ̀ fún.

"Má pa á."

Nínú iṣẹ́ wọn, ọ̀nà méjì ni èèyàn ń gbà kúrò: pósí tàbí takisí. Ẹni tó bá wọ takisí, ìrìn àjò ló lọ. Ọ̀gá mìíràn lè dé lọ́la, kó ní kí wọ́n dá a padà, kó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ bí ẹni pé àná ló lọ. Ẹni tó bá wọ pósí ti parí. Thelma ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí Peg bá kú, kò sí ẹlòmíì tí wọ́n tún máa ní kó jẹ́ láyé yìí.

Gareth gbé ọwọ́ lé àyà. "Takisí ni. Mo ṣèlérí fún yín."

Lọ́jọ́ takisí, wọ́n fi ẹ̀rọ rọ òjò. Peg wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, ó wọ takisí, ọkọ̀ náà sì yí kọ́nà. Nígbà tí wọ́n pa kámẹ́rà, gbogbo òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àní àwọn tó wà ní ìsinmi pàápàá wá. Wọ́n gbé kéèkì tí wọ́n ṣe bí ẹja jáde. Avril ń sunkún débi pé ẹni tó ń kun ojú rẹ̀ ń ráhùn.

"Kí ló dé, Avril? Mi ò kú o! Takisí ni mo wọ̀."

Avril bá tún bú sẹ́kún.

Thelma lọ sílé, ó ń retí. Ilé eré kékeré kan ní Bolton fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́, ó kọ̀, torí wọ́n lè pe Peg nígbàkigbà. Ó ń kun irun náà lóṣooṣù, nítorí irun Peg kò gbọ́dọ̀ yí padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló jókòó ti tẹlifíṣàn, búrẹ́dì sísun wà lórí itan rẹ̀. Lil Tasker wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹja, tẹlifóònù dún, ó gbé e. "Kí lẹ wí? Peg? Ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́? Nígbà wo?" Ó jẹ́ kí tẹlifóònù já bọ́. Orin ìparí bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò tiẹ̀ nílò Thelma láti fi pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹlẹ́fọ̀ọ́ rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó pariwo: "Yéè! Ẹ wá wo òkú tó ń ra kábéèjì!" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó di ọwọ́ Thelma mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Peg, ọmọ mi, mo ti gbé òdòdó sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn wọn fún ẹ." Thelma dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kò bá tún ṣe?

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ìsìnkú hàn. Gbogbo wọn ló wà nídìí sàárè nínú aṣọ dúdú, Avril sì wà níwájú, ó ń sun ẹkún tó ń fa ọkàn ya. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, ó gbé kéèkì dé. Thelma kò gbé omi kaná.

"Ọjọ́ wo lẹ ya ìsìnkú yẹn?"

"Thelma, o mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ṣọ́ọ̀ṣì háyà ni wọ́n máa ya ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn máa ń ṣáájú iwájú."

"Ọjọ́ wo ni mo bi ọ́."

Avril wolẹ̀. "Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ takisí."

Ọjọ́ takisí padà sí Thelma lójú. Ó ń rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ tó ń pàtẹ́, ẹnu tó ń jẹ kéèkì. Wọ́n ti sin ín lánàá, wọ́n bọ́ aṣọ dúdú, wọ́n wá ń kí i pé ó dìgbà.

"Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni Avril wí. "Ẹkún yẹn, ẹkún òótọ́ ni, Ọlọ́run gbọ́."

"Ta ló jogún ṣọ́ọ̀bù?"

Avril bẹ̀rẹ̀ sí í gé kéèkì.

"Avril, ta ni Peg fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún?"

"Èmi ni. Wọ́n ti fi ọdún méjì kún àdéhùn iṣẹ́ mi. Má wò mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi ló kọ ìtàn."

"Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." Thelma sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. "Kí lẹ kó sínú pósí náà?"

"Háà, jọ̀ọ́, Thelma."

"Àwọn tó gbé e ń rìn bí ẹni tó ru nǹkan. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Àpò yanrìn." Avril ti kéèkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó kọ́kọ́ fúyẹ́ jù. Gareth ní kí wọ́n fi ọ̀kan sí i, kó lè dà bí ẹni pé èèyàn wà níbẹ̀."

Thelma lọ mú ẹ̀wù òtútù Avril wá láti ara ìkọ́, ó nà án sí i, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.