Kànga Tí Wọ́n Fọ̀ Tán

Dókítà kan ní Ṣakí kìlọ̀ fún mi pé ọmọ mi obìnrin, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, gbọ́dọ̀ máa mu omi púpọ̀ kí egungun má baà máa ro ó. Ọmọ náà kórìíra omi. Ìgbà tí mo ra ẹja pupa mẹ́ta sínú àpótí gíláàsì fún un ló yí padà: á jókòó tì wọ́n, á ní kí àwọn náà mu tiwọn, á sì gbé ife sẹ́nu.

Ẹni tó tà wọ́n fún mi ṣàlàyé pé kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Nítorí náà, inú báàkẹ́tì ni mo ti ń kọ́kọ́ wọn oògùn tí ń pa kílórínì sí omi tuntun, ní ìwọ̀n tó wà lára ìgò.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ará agbo ilé wa máa ń kó ẹrẹ̀ inú kànga jáde, wọn a sì da kílórínì sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, mo lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Ìyá ọkọ mi rí i pé omi ẹja ti rú. Ó fa omi kànga, ó fi álọ́ọ̀mù rò ó títí ó fi tòrò, bí wọ́n ti ń ṣe omi mímu láti kékeré rẹ̀, ó sì fi pààrọ̀ gbogbo omi inú gíláàsì. Ìdọ̀tí nìkan ni álọ́ọ̀mù ń mú rọlẹ̀. Kì í pa kílórínì. Bí mo ti wọlé dé, ìyá ọkọ mi nawọ́ sí gíláàsì:

“Ìyàwó mi, wo bó ṣe mọ́! Mo rí eyín mi nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù.”

Ẹja méjì ti léfòó. Ẹ̀kẹta ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mà, ṣé ẹ wọn oògùn inú ìgò sí i?”

“Èyí tí o fi ń sọ ẹja di òyìnbó? Ta ló ń wọn oògùn fún ẹja odò Ògùn?”

Mo sáré wọn ọ́n sínú gíláàsì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀kẹta kú kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì.

Mo bu omi fún ọmọ mi. Kò gbà á.

“Màámi, ṣé omi kànga yẹn ni?”

“Òun ni. Kílórínì tó pa ẹja kò lè pa èèyàn. Kòkòrò àrùn ló ń pa fún wa.”

“Màmá àgbà náà ní ó mọ́.”

Mo mu ún níwájú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọ̀fun mi, ó ń retí. Mo ra omi inú ọ̀rá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti ń di orúnkún mú.

Bí mo ti ń gbé e gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìyá ọkọ mi sáré tẹ̀lé wa pẹ̀lú omi inú ọ̀rá, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sáà fẹnu kàn án. Ọmọ náà fi ojú pamọ́ sí àyà mi.