Ìró Tí N Kò Gbọdọ̀ Fọ̀

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, Dámilọ́lá, má bá mi tún un ṣe.

Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́jú ní Mushin níbí kí ìyá wọn tó ti ibi iṣẹ́ dé. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sunkún, mo mọ ti ebi, mo mọ ti oorun. Ti Ìrètí ló rú mi lójú.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba. Ó kọ oúnjẹ, ó kọ oorun, àfi ìgbà tí mo fi ìró ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n. Ló bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó sùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, itọ́ àti wàrà ti gbẹ mọ́ ìró náà. Ṣé o mọ̀ mí, n kì í gba ìdọ̀tí. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo tún lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé mo fi pọn ọmọ. Háà! Òórùn ọṣẹ ló gbọ́, ló bá figbe ta. Títí di ìrọ̀lẹ́ kò jẹ, kò mu, ohùn rẹ̀ há. Èmi náà jókòó, mò ń sunkún.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe rí i, ó ní, "Màmá, mo máa fiṣẹ́ sílẹ̀ ni."

"Èmi ni mo jẹ̀bi, Ìyá Ìrètí. Mo fọ òórùn rẹ kúrò lára ìró. Ró o sùn lálẹ́ yìí, kí o gbé e wá bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ̀ lọ́la, kí o fiṣẹ́ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ìrètí fi imú kan ìró náà, ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́ mi: àyè ìyá ni mò ń bá a ṣọ́. Kò rọrùn o. O ó fẹ́ràn ọmọ tí ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí Ìrètí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ìró náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, torí a kì í dá aṣọ aláṣọ padà ní ìdọ̀tí. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

"Màmá, ẹ má fọ̀ ọ́ o! Òórùn yín ló wà lára rẹ̀ báyìí, òun ni Ìrètí máa wá kiri ní iléèwé lọ́la."

Èmi tí n kì í gba ìdọ̀tí, mo ká ìró náà fún un bí ẹni ń ká aṣọ ìyàwó.