A Kì Í Na Àìná

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, n kò sì mu ohunkóhun ju omi lọ lọ́jọ́ náà.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ṣómólú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni. Fìlà mi le gbandi fún sítááṣì, orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì le jù ú lọ.

Ọ̀sán gangan ni, nínú ọyẹ́ tó ń la ènìyàn létè. Apẹja kan gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìlàjẹ ní Bàrígà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin náà ti bímọ tí ọmọ kò ké. Ìyá àgbà kan tẹ̀lé wọn wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Etí ìró rẹ̀ ń kán omi. Mo ní bóyá ibi ẹja ló ti ń bọ̀. Mo ní kó lọ dúró níta. Kò tilẹ̀ wò mí.

Orí ọmọ kò tíì yọ tí ìyá àgbà náà fi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àìná ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè ní Àìná. Kí ni ìyá yìí fẹ́ rí nínú ikùn tí èmi oníwèé-ẹ̀rí kò rí?

Orí yọ. Ìwọ́ wé mọ́ ọrùn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tú u. Ọmọbìnrin ni. Ó dúdú bí aró, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò mí. Àgbá ọ́síjìn wa, afẹ́fẹ́ tí à ń fún ẹni tí kò lè mí, wà nínú ọ́fíìsì. À ń nù ún láràárọ̀ kí òyìnbó tó ń wá yẹ ilé ìwòsàn wò lè bá a ní dídán. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ Métírọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì. Métírọ̀nù wà ní Yábàá lọ́dọ̀ télọ̀.

Mo ṣe bí wọ́n ti kọ́ mi: mo di ọmọ lẹ́sẹ̀ mú, mo dorí rẹ̀ kodò, mo gbá a nídìí. Mo tún gbá a. Kò sí ohùn.

Ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Ṣé o kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni? Àìná. A kì í nà án."

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò gbá a mọ́. Mo tẹ́ ọmọ sílẹ̀, mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀fun rẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo fi ẹnu bo ẹnu àti imú rẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀," ohùn náà wí. "Àyà ẹyẹ ni."

Mo ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹyin iná kan ṣoṣo kù fún. Àyà kékeré náà gbé sókè. Ó tún gbé.

Ó ké. Igbe burúkú gbáà ni, n kò sì tíì gbọ́ orin tó dùn tó o.

Mo yíjú láti dúpẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì. Ibi tó jókòó sí tutù rinrin, ó ń rùn bí omi ọ̀sà.

Mo bi apẹja náà pé ìyá wo ló bá wọn wá. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí.

"Àwa méjì la wá, nọ́ọ̀sì. Ìyá ìyàwó mi ì bá tẹ̀lé wa, àmọ́ ọ̀sà gbé wọn lọ lọ́dún tó kọjá."

Wọ́n sọ ọmọ ní Yétúndé Àìná. Ó ti ń sáré kiri Ìlàjẹ báyìí. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: bó bá jẹ́ ìyá àgbà náà ló padà wáyé gẹ́gẹ́ bí ọmọ, a jẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá ṣọ́ ọwọ́ tí yóò gbẹ̀bí òun. Bí kì í bá ṣe òun, ta ló sọ̀rọ̀? N kò mọ̀ títí dòní.

Mo kìlọ̀ o. Bí ọmọ kò bá ké, ẹ má nà án, ẹ má sì ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹ̀mí. Bí arúgbó kan bá sì jókòó lẹ́yìn yín, kí ẹ tó lé e síta, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì.