Kannakánná Tó Kí Àgbà

Bí òórùn pọ̀nmọ́ bá kàn mí nímú lónìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, àwọn ará ilé mi á sì máa wò mí tìyanu-tìyanu. Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Port Harcourt ni wọ́n gbé mi lọ, mo ń gbé ní Rumuokwuta. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ ní èdè baba wọn, nínú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá. Mo fẹ́ràn kíláàsì yẹn ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n Píjìn ló yọ̀ mọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́nu. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ohun kan ṣoṣo tó tíì mọ́ wọn lára ni ìkíni: bí àgbà bá ti yọjú, obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì kí i kíkankíkan.

Ni alága ẹgbẹ́, bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní lọ́jọ́ àjọ̀dún, kí àwọn ọmọ mi ṣe eré níwájú àwọn àgbà. Bí Yorùbá ò bá jáde lẹ́nu wọn, àwọn á ti kíláàsì náà pa, àwọn á máa kó àga sí yàrá rẹ̀. 

Mo sáré gbé ìwé ìtàn kan tí mo rà ní àdúgbò Alakahia. Ìtàn àwọn ará Gíríkì àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀: kannakánná gbé wàràkàṣì, wàrà líle tí òyìnbó ń jẹ, sẹ́nu lórí igi, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá ń yìn ín pé olóhùn iyọ̀ ni, kó jọ̀ọ́ kó kọrin. Orí ẹyẹ wú, ó lanu, wàràkàṣì bọ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé e lọ. Ìwé náà ní ìtàn yìí ti gba inú Látìn àti Faransé kọjá kó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Háà! Èmi ni n óò wá mú un wọ Yorùbá! Orí tèmi náà wú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi túmọ̀ rẹ̀, mo wá gbé e fún akápò ẹgbẹ́, ìyá kan tó ń ta ẹran.

"Wàràkàṣì kẹ̀?" ni ìyá sọ. "Ta ló jẹ ẹ́ rí níbí? Fi pọ̀nmọ́ sí i."

Mo ní àwọn ará Gíríkì ò mọ pọ̀nmọ́. Ó ní ṣé wọ́n ń bọ̀ wá wòran ni? Mo fi pọ̀nmọ́ sí i.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ikwerre, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló ṣe kannakánná. A gbé e sórí tábìlì, ó fi eyín di pọ̀nmọ́ ńlá kan mú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, kò tíì sọ nǹkan kan, ni àgbà tó dàgbà jù lẹ́gbẹ́, tí kì í tètè dé ibì kankan, bá wọlé. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o!"

Yéè! Kannakánná kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ káàbọ̀, sà!" Pọ̀nmọ́ bọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ti dọ̀bálẹ̀ rí i nítòsí imú rẹ̀, ó gbé e, ó jẹ ẹ́.

"Na my ponmo be that!" ni ọmọbìnrin náà figbe ta. "I never sing!"

Mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Alága dìde. Ó ní, "Yorùbá la fi ń rojọ́ níbí. Ro tìrẹ."

Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Tíṣà ní kí n máa kí àgbà. Mo kí àgbà. Ẹran mi bọ́. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi?"

 Alága ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà sọ tẹnu rẹ̀. Ìyẹn ní, "Mi ò já a gbà. Ó bọ́ ni. Ebi sì ń pa mí." Làwọn àgbà bá pín sí méjì, wọ́n ń da ìbéèrè bo àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ń fi Yorùbá wọ́gọwọ̀gọ dáhùn. Èmi òmùgọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń ké pé ẹ jọ̀ọ́, ìgbéraga ni ìtàn yìí ń bá wí! Wọ́n ní kí n dákẹ́, ẹjọ́ ń lọ. Níkẹyìn, wọ́n ní àgbà tó pẹ́ dé ló jẹ̀bi, kó ra pọ̀nmọ́ mìíràn fún ẹyẹ. Bàbá rojọ́ títí, kò rí alágbàwí. Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé wọ́n á ti kíláàsì pa.

Láìpẹ́ yìí, mo padà lọ kí wọn. Kannakánná ọjọ́sí ló ti di tíṣà nínú yàrá náà. Ọmọ kékeré kan dìde, ó sọ ìtàn fún mi: kannakánná kí àgbà, pọ̀nmọ́ rẹ̀ bọ́, wọ́n ní kí àgbà tó pẹ́ dé ra òmíràn. Ìgbéraga àtijọ́ gbé mi, mo ní rárá o, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló yìn ín tó fi kọrin.

Ọmọ náà wò mí tàánú-tàánú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló wí. "Ẹni tó sọ ọ́ fún yín ò sí níbẹ̀ ni."

Mo wo tíṣà rẹ̀. Ó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi," mo sì jókòó.