Wọ́n Ní Ẹ̀jẹ̀ Mi Ti Gbó

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti gbó! Èmi tí mi ò kọjá puráímárì kẹta, tí mo fi iṣu títà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ọ̀wọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ará Ìdogún ni ilé-ọmọ rẹ̀ ń yọ síta, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ní láìsí ẹ̀jẹ̀, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Mo na apá.

"Màmá, ẹ ti dàgbà jù."

Mo pe àwọn ayálégbé mi. Jórinjórin aláriwo tí mo ní kó kó jáde nìkan ló wá. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá a mu.

Ọ̀rẹ́ mi jí.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Ti jórinjórin."

"Èyí tó o fẹ́ lé? Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti wà lára mi, ó ti di àbúrò mi nìyẹn o. Lé e, kó o rí mi!"

Ẹ bá mi dá sí i: ṣé mo ṣì lè lé e?